Awọ tó nípọn ní àtẹ́lẹsẹ̀: kí ló ń fà á, báwo la ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Atẹ̀jẹ́jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ìbéèrè mi dá lórí awọ líle tó máa ń yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀, pàápàá lábẹ́ oríkèé àtàǹpàkò àti létí gìgísẹ̀. Béèyàn bá ha á kúrò tán, kì í pẹ́ tó fi ń padà, nígbà mìíràn á tiẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé àìsàn ni? Kí ni ìyàtọ̀ òun àti kọ́ọ̀nù? Àwọn ìpara tí wọ́n kọ 10%, 25% tàbí 40% sí lára ńkọ́, èwo ni fún kí ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tú u dé ìsàlẹ̀.

Nọ́ọ̀sìẸlẹ́sẹ̀

Ẹ káàbọ̀. Awọ líle lásán kì í ṣe àìsàn. Bí awọ ṣe ń fèsì sí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ ni.

Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ nípọn ju ti ibikíbi lára lọ. Ìpele òkè rẹ̀ tó nǹkan bíi 1.5 mm, ti ìpéǹpéjú kò sì ju nǹkan bíi 0.05 mm lọ. Ojú ibi tí à ń fọwọ́ kàn yẹn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ni, èròjà tó ń jẹ́ keratin ló kún inú wọn. Tuntun ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, èyí tó ti gbó ń ṣí dànù lókè láìjẹ́ pé a mọ̀. Tí ojú kan bá wá ń gba ìtẹ̀ tàbí ìfira ju àyíká rẹ̀ lọ, awọ ibẹ̀ á máa yára mú sẹ́ẹ̀lì tuntun jáde, àwọn tó ti kú á sì di ara wọn mú, wọn ò ní ṣí bó ṣe yẹ. Bó bá mọ níwọ̀n, ó ń dáàbò bo ẹran abẹ́ rẹ̀. Bó bá kọjá ìwọ̀n, òun fúnra rẹ̀ á di ohun tó ń tẹ ẹran náà mọ́ egungun.

Ìdí tó fi ń padà nìyẹn. Ẹ ha awọ kúrò, ẹ ò mú ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ kúrò. Ẹ wá ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó wá ohun tẹ́ ẹ máa fi ha á.

Ibi tó yọ sí máa ń júwe ẹni tó ṣe é. Tó bá yí etí gìgísẹ̀ ká, bàtà tí kò ní ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí: nígbàkigbà tí gìgísẹ̀ bá balẹ̀, ọ̀rá inú rẹ̀ ń fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sí ohun tó ń gbá a mọ́ra. Tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú àtàǹpàkò, ẹsẹ̀ ń yí sínú nígbà tó bá ń ta kúrò nílẹ̀, tàbí kí àtàǹpàkò ti máa tẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìka yòókù. Abẹ́ oríkèé ìka kejì àti ìkẹta: àwọn ló ń ru ẹrù tó yẹ kí oríkèé àtàǹpàkò rù, bàtà gíga sì ń dá kún un. Tó bá jẹ́ orí ìka tó ká kò ni, òkè bàtà ló ń họ ọ́. Ṣóńṣó ìka kan náà tún lè le, torí òun ló ń gún ilẹ̀.

Apòògùn

Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ n mú ti ìyàtọ̀, torí àṣìmú ibẹ̀ pọ̀, oògùn ọ̀kan sì lè ba òmíràn jẹ́.

Awọ líle lásán máa ń fẹ̀, etí rẹ̀ kì í já gééré, ńṣe ló ń pòórá wọ inú awọ tó dáa. Àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ inú àtẹ́lẹsẹ̀ ṣì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Kì í sábà dunni àfi tó bá nípọn jù.

Kọ́ọ̀nù kéré, ó rí róbótó, etí rẹ̀ já. Àárín rẹ̀ ní ojú líle kan tó mọ́ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi iná wò ó, ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sínú. Ojú yẹn ló ń gún ẹran. Kì í ṣe gbòǹgbò o! Kò hù láti inú egungun, kò sì sí irúgbìn kankan tó yẹ ká wú. Ẹni tó bá ń fi abẹ́rẹ́ wá gbòǹgbò rẹ̀ ń dá egbò sílẹ̀ ni.

Wọ́nwọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Fáírọ́ọ̀sì HPV ló ń fà á. Ilà awọ kì í kọjá lórí rẹ̀, ńṣe ló ń yà fún un. Ẹ sì lè rí àmì dúdú tíntìntín nínú rẹ̀: òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ inú wọn ti dì ni. Ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tààrà, kẹ́ ẹ wá fi ìka méjì fún un látẹ̀gbẹ́. Kọ́ọ̀nù máa ń dun jù nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tààrà; wọ́nwọ́n máa ń dun jù nígbà tẹ́ ẹ bá fún un. Ẹ má fi ìdánwò yẹn nìkan dájọ́, ẹ wo ilà awọ náà mọ́ ọn. Wọ́nwọ́n ń ràn, nítorí náà ohun tẹ́ ẹ bá fi ha á kò gbọdọ̀ kan ibòmíràn.

Sárésáré

Àmì dúdú kan tí kò dunni, tó wà nínú awọ líle ńkọ́? Àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn máa ń rí i.

Nọ́ọ̀sìẸlẹ́sẹ̀

Lára àwọn tó ń sáré, ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú awọ ló sábà máa ń jẹ́. Ó máa ń bá awọ gòkè, á sì bá a ṣí kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni èyí tó ń fẹ̀ sí i, tí àwọ̀ rẹ̀ kò bára mu, tí etí rẹ̀ rí wúruwùru, tó ju 6 mm lọ, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan gún un. Jẹjẹrẹ awọ tó ń jẹ́ melanoma nìyẹn lè jẹ́. Lára aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná wà lára ibi tó ti sábà máa ń yọ. Irú rẹ̀ ni wọ́n rí lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Bob Marley ní 1977, òun ló sì pa á ní 1981. Ẹ má ha á, ẹ má fi ásíìdì sí i, ẹ gbé e lọ fún dókítà.

Aránbàtà

Ẹ jẹ́ n wọlé ní ti bàtà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣe é nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀. Ẹ dìde dúró sórí ìwé, kí ẹlòmíràn fi pẹ́ńsùlù fa ilà yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká. Kí pẹ́ńsùlù dúró ṣánṣán. Tó bá dagun wọ abẹ́ ẹsẹ̀, ìwọ̀n á kéré. Ẹ gé ìwé náà jáde kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sínú bàtà. Ibi tí ìwé bá ti ká sókè ni bàtà ti ń fún ẹsẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó sì rí i pé ibẹ̀ gan-an ni awọ ti le.

Kí àlàfo tó tó 1 cm wà níwájú ìka tó gùn jù lọ. Ìka kejì ló gùn jù lẹ́sẹ̀ àwọn míràn, nítorí náà kì í ṣe àtàǹpàkò la máa ń wọ̀n nígbà gbogbo. Ibi tí bàtà ti ń tẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ibi tí ìka ti so mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mu. Tí gìgísẹ̀ bàtà bá ti kọjá 4 cm, ìwúwo ara á ti lọ síwájú jù. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú bàtà kẹ́ ẹ fi ìka tọ ojú rírán. Okùn tó yọ sókè ní mílímítà kan péré ti tó láti bí kọ́ọ̀nù sórí ìka. Bàtà tó fẹ̀ jù náà kì í ṣe ọ̀rẹ́: ẹsẹ̀ á máa yọ̀ nínú rẹ̀, ìfira á sì máa le gìgísẹ̀.

Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà àtijọ́ síta kẹ́ ẹ wò ó. Kòtò tó wà lára rẹ̀ ni ojú ibi tí ẹrù pọ̀ sí.

Atẹ̀jẹ́jẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Aránbàtà, àwọn tìmùtìmù tí wọ́n ń lẹ̀ ńkọ́? Àti nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, báwo gan-an la ṣe ń ha á?

Aránbàtà

Fẹ́ẹ́ltì (aṣọ tí wọ́n fi irun tẹ̀ pọ̀) tó nípọn tó 5 mm ló dáa fún abẹ́ ẹsẹ̀, torí fóòmù tètè máa ń rún pẹlẹbẹ. Ẹ gé e bíi lẹ́tà U, kì í ṣe bí òrùka. Èyí tó rí bí òrùka máa ń jẹ́ kí ẹran àárín wú wọ inú ihò náà, ìrora á sì pọ̀ sí i. Ẹnu U kọjú síwájú sí ìka, awọ tó le wà nínú àlàfo rẹ̀, fẹ́ẹ́ltì wà lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì fá etí rẹ̀ kó tẹ́ẹ́rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí yẹn á tún máa gúnni.

Ẹ má fojú díwọ̀n ibi tẹ́ ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ kun lípsítíìkì sójú awọ líle náà, ẹ wọ bàtà láìwọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kẹ́ ẹ bọ́ ọ. Àmì pupa tó bá wà lórí ìtẹ́lẹ̀ ni àárín U yín. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìtẹ́lẹ̀ dípò ara ẹsẹ̀, kò ní máa yẹ̀.

Nọ́ọ̀sìẸlẹ́sẹ̀

Lórí bí a ṣe ń ha á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ tàbí tí ẹsẹ̀ yín ń kú, ìyókù ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín, mo ń bọ̀ sórí tiyín.

Omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ ni, kì í ṣe gbígbóná. Ẹ rẹ ẹsẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí omi tó bá pẹ́ lára awọ máa ń mú kó gbẹ sí i lẹ́yìn náà. Ẹ rẹ òkúta ìfọsẹ̀ náà sómi. Ẹ fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ha ojú kan fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kẹ́ ẹ dúró, ẹ fọwọ́ tẹ ibẹ̀. Tí awọ náà bá ti ń tẹ̀ bí ti àyíká rẹ̀, ó tó. Tó bá ti ń gbóná tàbí ń ta yín, ó ti kọjá. Ẹ má gbìyànjú àtimú un tán lọ́jọ́ kan. Lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló tọ́. Híha á jù ló ń jẹ́ kí awọ padà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí lójú awọ, ìfira náà ni. Èsì ìbéèrè àkọ́kọ́ yín nìyẹn, Atẹ̀jẹ́jẹ́.

Ẹ fi omi ṣan án, ẹ nu àárín àwọn ìka gbẹ, ẹ fi ìpara sí i nígbà tí awọ ṣì ní ọ̀rinrin díẹ̀, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú sùn. Ìpara kì í wọ àárín ìka. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ òkúta náà, ẹ sá a kó gbẹ. Kálukú, òkúta tirẹ̀.

Bíléèdì kò sí nínú rẹ̀ rárá. Lẹ́yìn tí awọ ti rọ̀, ọwọ́ kò lè mọ ibi tí òkú awọ parí sí àti ibi tí ààyè ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ fúnni.

Sárésáré

Mo rí i tí àwọn kan ń sọ pé gbígbẹ ló dáa kéèyàn ha á, pé omi ń tanni jẹ.

Apòògùn

Òótọ́ wà níbẹ̀. Awọ tó mu omi máa ń wú, ó sì máa ń dà bíi pé ó pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, ẹ lè ha á jù. Fún gìgísẹ̀, fáìlì ìhasẹ̀ tó kúnná lórí awọ gbígbẹ dáa, ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun tó ń bọ́ sílẹ̀, ẹ ó sì mọ iye tẹ́ ẹ mú kúrò. Fún kọ́ọ̀nù, ẹ rẹ ẹ́, torí ojú líle yẹn kì í gbọ́ tó bá gbẹ. Irin oníhò bí èyí tí wọ́n fi ń rin ilá, ẹ fi í sílẹ̀, ó ń fa awọ ya ni.

Ó wá kan ìpara. Iye tí wọ́n kọ sí i lára ń sọ bí èròjà inú rẹ̀, irú bíi yúríà, ṣe pọ̀ tó. Yúríà 10% ń fa omi sínú awọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ tú nǹkan. Ẹ lè fi pa gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lójoojúmọ́. Yúríà 20% sí 25% ń mú ọ̀rinrin wá, ó sì ń rọ awọ líle. Èyí ni mo máa ń yàn fún gìgísẹ̀ tó nípọn, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Yúríà 40% ń tú keratin ní tààrà. Ojú awọ líle nìkan ni, fẹ́ẹ́rẹ́, lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kẹ́ ẹ tó padà sí 10% tàbí 20%. Tó bá kan ibi tó sán, á ta yín gan-an. Ìpara tó ní lactic acid 12% náà ń ṣe irú iṣẹ́ ti yúríà àárín. Fásílíìnì kò tú nǹkan kan; ohun tó ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí omi jáde, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó gbẹ̀yìn, lórí ìpara yòókù.

Salicylic acid ni wọ́n ń fi sínú pílásítà kọ́ọ̀nù, tó máa ń tó 40%. Ọ̀pọ̀ ló ń lẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà nínú páálí, àṣìṣe ńlá ni. Ẹ gé e kó má fẹ̀ ju ojú kọ́ọ̀nù lọ. Ẹ fi fásílíìnì yí awọ tó dáa ká, ẹ wá lẹ pílásítà náà, kẹ́ ẹ fi bándéèjì tó ń lẹ̀ dì í mú kó má yẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 48, ẹ ṣí i. Ojú ibẹ̀ á ti funfun, á sì ti rọ̀. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ rọra fi òkúta mú funfun náà kúrò, kẹ́ ẹ lẹ òmíràn. Kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ. Ásíìdì yìí kò mọ kọ́ọ̀nù yàtọ̀ sí awọ tó dáa: tó bá yẹ̀, á jó ibi tó bá bọ́ sí. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ aspirin kò gbọdọ̀ lò ó. Ẹ má da òun àti yúríà 40% pọ̀ sójú kan náà.

Atẹ̀jẹ́jẹ́

Gìgísẹ̀ tó ti sán, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìpara kan náà ni?

Nọ́ọ̀sìẸlẹ́sẹ̀

Rárá, ẹ dá ásíìdì àti yúríà tó lágbára dúró ná. Àtẹ́lẹsẹ̀ kò ní ohun tó ń mú òróró awọ jáde, òógùn nìkan ló ní. Tí etí gìgísẹ̀ bá le tó sì gbẹ, kò lè nà mọ́. Ọ̀rá inú fẹ̀, awọ kò fẹ̀, ló bá sán. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ọ́, ẹ fi fásílíìnì sínú ojú rẹ̀, ẹ fi bándéèjì tó ń lẹ̀ fa ètè méjèèjì súnmọ́ ara wọn ní ìbú, kì í ṣe ní òró, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ títí ojú á fi dé. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá dé tán ni kẹ́ ẹ máa fi fáìlì dín gíga etí rẹ̀ kù, torí etí gíga yẹn ló máa tún un sán. Gáàmù tí wọ́n fi ń lẹ nǹkan nílé kò tọ́ síbẹ̀, ó ń dé ìdọ̀tí mọ́nú. Tó bá pupa, tó gbóná, tó ń ṣọyún, ó ti di ti ilé ìwòsàn.

Olùtọ́júÀgbà

Ẹ má gbàgbé ti àwọn àgbà tó ní àtọ̀gbẹ o. Kí ni ká ṣe fún wọn nílé?

Nọ́ọ̀sìẸlẹ́sẹ̀

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ rán mi létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Àtọ̀gbẹ lè pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, ó sì lè dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kù. Awọ líle á máa tẹ ẹran abẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹran náà á máa bàjẹ́, onítọ̀hún kò sì ní gbọ́ ìrora kankan. Egbò lè ti ṣí sábẹ́ awọ náà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Àmì tó yẹ kẹ́ ẹ máa wá ni àwọ̀ dúdú tàbí bí ìpẹtà irin nínú awọ líle: ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ yẹn.

Kò sí rírẹ ẹsẹ̀ sómi, kò sí pílásítà ásíìdì, kò sí òkúta tàbí fáìlì láti ọwọ́ ara wọn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gé awọ náà, kó sì máa gé e déédéé: tó bá mú un kúrò, ìtẹ̀ tó ń bọ́ sí ojú ibẹ̀ máa ń dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Yóò tún fi okùn tín-ín-rín kan tó ń tẹ̀ ní ìwúwo 10 g kan àtẹ́lẹsẹ̀ láti mọ ibi tí ìmọ̀lára ti kú.

Nílé, ẹ máa wo ẹsẹ̀ lálaalẹ́, ẹ fi dígí wo abẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó wọ bàtà, ẹ kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, torí òkúta kékeré lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kí wọ́n má mọ̀. Ìgúnpá yín ni kẹ́ ẹ fi tọ́ omi ìwẹ̀ wò, kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn. Ìpara yúríà 10% dáa fún wọn, bí awọ kò bá ti sán.

Sárésáré

Àárín ìka kẹrin àti ọmọńdinrín, tó funfun, tó rọ̀, tó sì ń dunni: kọ́ọ̀nù náà ni àbí fọ́ńgọ́ọ̀sì?

Apòògùn

Ó lè jẹ́ èyíkéyìí. Kọ́ọ̀nù ni tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, tó bá egungun ìka tó kọjú sí i mu. Òógùn ló rọ̀ ọ́. Bàtà tó fún níwájú ló ń fà á: ẹ fi ohun onísílíkónì tó ń ya ìka sọ́tọ̀ tàbí irun àgùntàn sáàárín, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má fi ásíìdì síbẹ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì máa ń yún, ó ń bó, kì í sì í dúró sójú kan.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń pè ní ẹsẹ̀ gbígbẹ. Ó máa ń bo gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ dé etí rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun á jókòó sínú àwọn ilà awọ, ìpara kò ní ràn án, èékánná á nípọn. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ méjèèjì àti àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo ló ń mú. Kí wọ́n ha díẹ̀ lára rẹ̀ lọ wò lábẹ́ maikirosíkópù kẹ́ ẹ tó náwó sí oògùn. Ìpara terbinafine 1% ń pa á, ṣùgbọ́n tí awọ bá ti nípọn, ó lè jẹ́ oògùn oníhóró láti ọwọ́ dókítà ló máa ràn án. Ìpara onísítẹ́rọ́ọ̀dù á mú kó rọ̀ lójú, á sì máa tàn kálẹ̀. Tó bá jẹ́ pé láti kékeré ni àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ti nípọn, ti ìdílé lè ni. Psoriasis (àìsàn awọ tó máa ń bó) àti àìṣiṣẹ́ dáadáa thyroid (ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn) náà lè fà á.

Sárésáré

Ẹni tó ń sáré ńkọ́, ṣé kó mú gbogbo rẹ̀ kúrò?

Aránbàtà

Kó fi èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀. Èyí tó ga, tó ní etí, ni kó dín kù, torí omi tó bá kó sábẹ́ rẹ̀ máa ń jìn, kò sì ṣeé tú. Kó má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ ìdíje.

Atẹ̀jẹ́jẹ́

Ó yé mi wàyí. Tí a bá ti pààrọ̀ bàtà, tí a ti lẹ fẹ́ẹ́ltì, ìgbà wo ló yẹ ká rí ìyàtọ̀?

Nọ́ọ̀sìẸlẹ́sẹ̀

Ìrora kọ́ọ̀nù máa ń dín kù láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ìtẹ̀ bá ti kúrò. Ti awọ fúnra rẹ̀ gba sùúrù, torí ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí tuntun tó gòkè dé ojú. Ẹ máa wo fẹ́ẹ́ltì náà, tó bá ti rún tó ìdajì gíga rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá tí ibẹ̀ ṣì le bákan náà, egungun tàbí iṣan tó fa ìka kò ló lè wà nídìí rẹ̀. Kí dókítà ya àwòrán egungun ẹsẹ̀ náà nígbà tí ẹ bá wà lórí ìdúró, torí ẹsẹ̀ tí kò ru ẹrù kì í fi ibi tí ẹrù ń bọ́ sí hàn.